Ìjà Lórí Baba-ńlá Àwọn Vlach àti Èdè Tí Ó Ń Kú Lọ

Ní oṣù Kejì ọdún 2001, ilé-ẹjọ́ kan ní ìlú Áténì dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ayàwòrán-ilé kan. Kò jalè, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà ní ìgboro. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni ó pín níbi àjọ̀dún àwọn Vlach ní ọdún 1995, ìwé tí ó dárúkọ àwọn èdè kéékèèké tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan ń sọ nílé wọn, tí èdè àwọn Vlach sì wà lára wọn. Ilé-ẹjọ́ ní ìròyìn èké ni ó ń tàn kálẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tú u sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹjọ́ yìí gbé kalẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀. Báwo ni ó ṣe di ọ̀ràn lábẹ́ òfin kí ènìyàn sọ pé èdè kan wà, nígbà tí àwọn tí ó ni èdè ń fi í kí ara wọn láàárọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àríyànjiyàn tí ó ti lé ní igba ọdún lórí ibi tí àwọn Vlach ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Bucharest ní ọmọ Dacia àti Róòmù ni wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Áténì ní ọmọ Gíríìkì ni wọ́n, ahọ́n wọn nìkan ni ó yí padà. Àwọn ti Budapest náà kò gbẹ́yìn. Òtítọ́ tí kò dùn mọ́ ìhà kankan nínú wọn ni pé orírun tí wọ́n ń wá kì í ṣe ti ènìyàn. Ti ilẹ̀ ni. Baba-ńlá tí wọ́n bá yàn fún darandaran ni yóò sọ ẹni tí ó ni òkè tí ó ti ń da àgùntàn rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń fa baba-ńlá náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni èdè àwọn ọmọ rẹ̀ ń kú lọ.

Àwọn tí ayé ń pè ní Vlach kì í ṣe ọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí ń pe ara wọn ní Armãn, tí wọ́n wà lórí òkè Pindus àti ní Thessaly ní Gíríìsì, ní gúúsù Albania, ní Makedóníà Àríwá àti ní apá kan Bùlùgéríà. Àwọn kan lára wọn wà ní Dobruja ní ilẹ̀ Ròmáníà, níbi tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n dó ní ọdún 1925. Lẹ́yìn wọn ni àwọn Megleno tí ń gbé ní ààlà Gíríìsì àti Makedóníà Àríwá, àti àwọn díẹ̀ tí ó kù ní abúlé Žejane àti agbègbè Šušnjevica ní Istria, ní ilẹ̀ Croatia. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbà pé èdè mẹ́ta wọ̀nyí àti èdè Ròmáníà jẹ́ ọmọ ìyá: Látìnì tí wọ́n ń sọ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ni ó bí wọn. Níbẹ̀ ni ìfohùnṣọ̀kan parí sí. Àjọ UNESCO ti ka èdè Armãn mọ́ àwọn èdè tí ó wà nínú ewu, ó sì ka àwọn ti Megleno àti Istria mọ́ àwọn tí ewu tiwọn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ ọmọ yìí ní Vlach kò wọ inú ilé rẹ̀ rí. Láti ara orúkọ ẹ̀yà Volcae ni àwọn ará Jámánì àtijọ́ ti mú ọ̀rọ̀ kan jáde fún àjèjì, pàápàá àjèjì tí ń sọ Látìnì. Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Òun ni ó di Wales ní erékùṣù Bìrìtìkó, òun ni ó di Wallonia ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn Slav yá a. Títí di òní Włochy ni àwọn ará Pólàǹdì ń pe ilẹ̀ Ítálì. Olasz ni ará Họ́ńgárì ń pe ọmọ Ítálì, oláh ni ó sì ń pe ọmọ Ròmáníà láyé àtijọ́. Kò sí ẹni tí ó tìtorí èyí sọ pé ọmọ ìyá ni ará Wales àti darandaran orí òkè Pindus.

Nígbà tí orúkọ náà dé ilẹ̀ Balkan tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìtumọ̀ mìíràn. Nínú ìwé òfin tí Ọba Stefan Dušan ti Sérbíà gbé jáde ní ìlú Skopje ní ọdún 1349, àwọn Vlach jẹ́ ọ̀wọ́ darandaran tí òfin àti ìṣákọ́lẹ̀ tiwọn yàtọ̀ sí ti àgbẹ̀. Nínú ìwé owó-orí àwọn Ottoman, ipò ènìyàn níwájú agbowó-orí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, àwọn tí èdè Slav jẹ́ èdè abínibí wọn sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní etíkun Dalmatia, ará ìlú ń fi í pe ará oko. Ní Gíríìsì, èébú ni fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò là. Òpìtàn tí ó bá rí “Vlach” nínú ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì kà á lójú ẹsẹ̀ sí ẹni tí ń sọ èdè tí Látìnì bí, ti sọ iṣẹ́ di ìran. (Àwọn tí ń ka àròkọ yìí mọ̀ pé orúkọ “Yorùbá” pẹ̀lú wá láti ẹnu àwọn aládùúgbò ìhà àríwá kí àwọn tí ń jẹ́ ẹ lónìí tó gbà á, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wọn.)

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ tí àwọn ènìyàn náà fún ara wọn ńkọ́? Armãn kúkú wá láti ara Romanus, èyí tí í ṣe ọmọ Róòmù. Bucharest ti jó ijó púpọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 212 ni Késárì Caracalla pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú lábẹ́ ìjọba rẹ̀ di ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù, ìyẹn ìwọ̀nba àwọn díẹ̀ ni ó yọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, apẹja létí odò Danube, oníṣòwò ní Íjíbítì àti àgbẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà di ọmọ Róòmù lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ní Constantinople pe ara wọn ní ará Róòmù fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Rum ni àwọn Tọ́kì sì ń pe àwọn Kírísítẹ́nì tí wọ́n jọba lé lórí. Ìjọba tí baba ènìyàn gbé lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ náà ń fi hàn. Kò sọ ẹni tí ó bí baba náà.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹlẹ́rìí tí gbogbo ìhà máa ń pè. Ìwé ìtàn Skylitzes ni ó dárúkọ àwọn Vlach nínú ọ̀ràn ọdún 976, nígbà tí wọ́n pa David, arákùnrin Samuel ọba Bùlùgéríà, lójú ọ̀nà láàrin Kastoria àti Prespa. Kò sọ nǹkan kan nípa orírun wọn. Kekaumenos, ọ̀gágun kan tí ó kọ ìwé ìmọ̀ràn ní àárín ọdún 1075 sí 1078, ni ó kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ó ní ọmọ Dacia àti Bessi ni wọ́n, pé ẹ̀bá odò Danube àti Sava ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ká sí Epirus, Makedóníà àti ilẹ̀ Gíríìsì. Àìmọye ìwé ni wọ́n ti kọ́ lé orí gbólóhùn wọ̀nyí. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tí ń tọ́ka sí wọn ni ó máa ń sọ fún òǹkàwé ohun tí ó mú kí Kekaumenos kọ wọ́n.

Ní ọdún 1066, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Larissa ní Thessaly, àwọn Vlach sì wà nínú rẹ̀. Ìbátan Kekaumenos kan, Nikoulitzas, ni wọ́n fi ipá mú láti ṣe olórí ọ̀tẹ̀ náà, ẹ̀wọ̀n sì ni ó bá a parí. Nígbà tí Kekaumenos wá ń kọ̀wé sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé Vlach láéláé, nítorí ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Ibẹ̀ ni baba-ńlá ti wọlé: ọ̀dàlẹ̀ ni àwọn ọmọ nítorí pé àwọn baba wọn náà da ìlérí tí wọ́n ṣe fún Róòmù láyé Késárì Trajan. Inú èébú ni ìtàn orírun yìí ti jáde. Àní, àríwá odò Danube ni ilẹ̀ Dacia wà, orí àwọn òkè Thrace ní gúúsù odò náà ni àwọn Bessi sì ń gbé. Kekaumenos pò wọ́n pọ̀ láti inú ìmọ̀ ìwé àtijọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí inú ń bí sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n onídàájọ́ tí ó bá gba ẹ̀rí ọ̀tá láì yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣe iṣẹ́ onídàájọ́, iṣẹ́ yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kọ̀ láti ṣe.

Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ kò farasin. Ní ọdún 1871, Robert Roesler kọ̀wé pé gúúsù odò Danube ni àwọn baba àwọn ará Ròmáníà ti gbéra, pé wọn kò sí ní Transylvania nígbà tí àwọn ará Họ́ńgárì dé ibẹ̀. Inú àwọn ará Họ́ńgárì dùn, nítorí ọwọ́ wọn ni Transylvania wà nígbà náà. Àwọn ará Ròmáníà dáhùn pé nígbà tí Késárì Aurelian kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní Dacia ní ọdún 270 sí 275, àwọn gbáàtúù kò bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn Armãn ti di ẹ̀rí nínú ẹjọ́ tí kò kàn wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ gúúsù láti ilẹ̀ wá, Budapest borí. Bí wọ́n bá ti àríwá sọ̀kalẹ̀, àjèjì ni wọ́n ní Gíríìsì. Darandaran tí ń fún wàrà àgùntàn rẹ̀ ní Samarina kò mọ̀ pé ọ̀ràn Transylvania wà lọ́rùn òun.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ja ìjà náà. Ní ọdún 1864, Dimitri Atanasescu ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní abúlé Trnovo lẹ́bàá Bitola, pẹ̀lú ìrànwọ́ Ròmáníà. Ọ̀pọ̀ tẹ̀lé e. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1905, Sultan Abdülhamid Kejì fọwọ́ sí i pé kí àwọn Vlach dá dúró gẹ́gẹ́ bí àwùjọ kan lábẹ́ òfin Ottoman. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà? Èdè ìwé ti Bucharest ni, kì í ṣe èyí tí ìyá wọn ń sọ. Àwọn tí ó ní àwọn wá gba ọmọ lọ́wọ́ èdè Gíríìkì kò fi ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Áténì ní tirẹ̀ rí ọ̀mọ̀wé tí yóò dáhùn: ní ọdún 1939, Antonios Keramopoulos tẹ ìwé kan jáde pé Gíríìkì ni àwọn Vlach ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n kọ́ Látìnì nídìí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ojú ọ̀nà òkè fún ìjọba Róòmù. Kì í ṣe pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ènìyàn a máa pa èdè dà. Síbẹ̀, Konstantin Jireček ti fa ìlà kan ní ọdún 1911 láti fi ibi tí àkọlé ara òkúta ti jẹ́ Látìnì hàn yàtọ̀ sí ibi tí ó ti jẹ́ Gíríìkì, Pindus sì jìnnà sí gúúsù ìlà náà. Ìwé Keramopoulos kò mú ìṣòro yẹn kúrò. Ká tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tí baba rẹ̀ fi Gíríìkì sílẹ̀ fún Látìnì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ Látìnì ni èdè ẹnu rẹ̀ lónìí.

Ọ̀ràn àwọn Megleno ìlú Notia ni ó tú àṣírí gbogbo eré yìí. Àwọn ará Notia ti gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, àwọn abúlé tí ó yí wọn ká tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà sì jẹ́ Kírísítẹ́nì. Nígbà tí Gíríìsì àti Tọ́kì fi àdéhùn Lausanne ọdún 1923 pààrọ̀ ènìyàn, wọ́n kó àwọn ará Notia lọ sí Tọ́kì gẹ́gẹ́ bí ọmọ Tọ́kì. Àwọn aládùúgbò wọn dúró sílé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Gíríìkì. Òkè kan náà, èdè kan náà. Ìwé àdéhùn ni ó pín baba-ńlá fún wọn.

Bí ẹ̀rí kan bá wà tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kankan, èdè náà ni. Bisearicã ni Armãn ń pe ilé ìjọsìn, láti ara basilica ti Látìnì, nígbà tí Faransé, Ítálì àti Sípéènì mú tiwọn láti ara ekklesia ti Gíríìkì. Budzã ni ó ń pe ètè, buzë ni ará Albania ń pè é, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe ti Látìnì sì pọ̀ láàrin èdè Albania àti àwọn èdè wọ̀nyí, pàápàá lórí ẹran ọ̀sìn àti igi orí òkè. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni atọ́ka tí ó túmọ̀ sí “náà” máa ń wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Albania àti Bùlùgéríà: lup ni ìkookò, luplu ni ìkookò náà. Ohun tí èyí ń sọ yéni. Àwọn tí ń sọ Látìnì yìí ti gbé pẹ́ títí ní àdúgbò àwọn baba èdè Albania, wọ́n sì ti bá àwọn Slav àti Gíríìkì da ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìhun gbólóhùn wọn fi jọra. Kristian Sandfeld ti ṣàlàyé èyí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1930. Ilẹ̀ Balkan ni ó ṣẹ̀dá àwọn Vlach. Wọn kò gbé ara wọn ní odindi ti ibì kankan wá.

Òǹkà ni ó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ fún olùkọ́ èdè. Mọ́kànlá ni unsprãdzatsi, ìyẹn ni “ọ̀kan lórí ẹ̀wá”, gẹ́gẹ́ bí àwọn Slav àti ará Albania ṣe ń kà á. Ogún ni yinghits, tí ó wá tààrà láti ara viginti ti Látìnì. Èdè Ròmáníà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nù pátápátá, “ẹ̀wá méjì” ni ó ń sọ. Mọ́kànlélógún ni unsprãyinghits: ọ̀kan lórí ogún. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí bí òun náà ṣe ń kà á nìyẹn. Bí ọgbọ́n àwọn olùwá-orírun bá jẹ́ ọgbọ́n, kí wọ́n yáa kéde pé Odùduwà gba orí òkè Pindus kọjá. Irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílé, ìwé J. Olumide Lucas ti ọdún 1948 fi ìjọra ọ̀rọ̀ gbé àwọn Yorùbá lọ sí Íjíbítì. Ìjọra nínú ìhun òǹkà kò sọ ẹnikẹ́ni di ìbátan. Ọ̀rọ̀ yinghits fúnra rẹ̀ sọ nǹkan mìíràn tí Bucharest kò fẹ́ gbọ́: èdè tí ó pa ohun tí Ròmáníà ti sọ nù mọ́ kò lè jẹ́ èdè Ròmáníà tí ẹnu àwọn ará òkè bàjẹ́. Àbúrò rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe ọmọ rẹ̀.

Lẹ́nu ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yìí, àwọn kan ti fi ọ̀rọ̀ èdè sílẹ̀, wọ́n ní DNA ni yóò parí ẹjọ́. DNA ti sọ̀rọ̀, kò sì gbè wọ́n. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé ààlà èdè kò fi bẹ́ẹ̀ pín àwọn ènìyàn ilẹ̀ Balkan níyà nínú ara. Láàrin àwọn àwùjọ Armãn fúnra wọn, tí wọ́n kéré tí wọ́n sì dá gbé, ni ìyàtọ̀ ti hàn. Èyí tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Cell ní ọdún 2023 tún wọ inú sàréè lọ. Ó yẹ òkú 136 wò, àwọn tí ó gbé ilẹ̀ Balkan ní ẹgbẹ̀rún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Kírísítì. Ẹ̀jẹ̀ Ítálì tí ó bá nínú wọn kò tó nǹkan, bí ìjọba Róòmù ti rinlẹ̀ níbẹ̀ tó. Àwọn tí ó ti Anatolia wá ni ó pọ̀. Ní Viminacium létí odò Danube, ó tilẹ̀ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìran rẹ̀ ti Ìlà-oòrùn Áfíríkà wá, tí wọ́n sin pẹ̀lú fìtílà gẹ́gẹ́ bí ará Róòmù. Lẹ́yìn ọdún 600 ni ẹ̀jẹ̀ àwọn Slav wọlé, tí ó sì wá di ìdá ọgbọ̀n sí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ènìyàn Balkan òde òní. Ẹni tí ń wá ẹ̀jẹ̀ Róòmù lára darandaran Samarina ń wá ohun tí kò pọ̀ nínú ìlú àwọn ará Róòmù pàápàá. Èdè ni Róòmù fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ẹni tí kò ti Róòmù wá rárá ni ó sì fi í sí.

Ó yẹ kí á ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn tí ó yan Gíríìsì. Ioannis Kolettis tí ó ṣe olórí ìjọba Gíríìsì, ọmọ Vlach láti Syrrako ni. George Averoff, ọmọ Metsovo, ni ó náwó sí pápá-ìṣeré tí wọ́n lò fún ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1896. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Vlach Gíríìsì ka ara wọn sí ọmọ Gíríìsì láì ní tàbí-ṣùgbọ́n, kò sì sí ọ̀mọ̀wé Bucharest tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún wọn pé wọ́n ṣìnà. Ohun tí kò tọ̀nà ni kí wọ́n fi ikú èdè san owó ìwé-ọmọ-ìlú. Òdìkejì rẹ̀ kò sì sàn jù: òfin 299 tí Ròmáníà ṣe ní ọdún 2007 ka àwọn Armãn òkè òkun mọ́ àwọn ọmọ Ròmáníà, nígbà tí àwọn kan lára àwọn Armãn tí ń gbé inú Ròmáníà gan-an ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba èdè wọn ní èdè. Ọ̀kan ní kò sí èdè, èkejì ní ẹ̀ka-èdè òun ni. Ọmọdé kan náà ni ó wà láàrin wọn láì rí ìwé kíkà.

Ó sì ní ìwé tẹ́lẹ̀. Ní Moscopole, ìlú àwọn oníṣòwò Vlach ní Albania tí wọ́n kọlù ní ọdún 1769 àti 1788, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ilé ìtẹ̀wé wà. Theodore Kavalliotis tí ó kọ́ni níbẹ̀ tẹ àkójọ-ọ̀rọ̀ Gíríìkì, Armãn àti Albania jáde ní Venice ní ọdún 1770. Daniel ti Moscopole fi ti Bùlùgéríà kún un, nínú ìwé tí ó tún jáde ní 1802, ó sì rọ àwọn tí kì í sọ Gíríìkì pé kí wọ́n fi èdè baba wọn sílẹ̀. Ìwé tí ó kọ kí èdè náà lè parẹ́ wá di ọ̀kan nínú àwọn orísun tí a fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1813, Mihail Boiagi tẹ gírámà èdè náà jáde ní Vienna. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni gírámà yẹn fi ṣáájú ilé-ẹ̀kọ́ Trnovo. Kò dúró de Bucharest kí ó tó mọ̀ pé èdè ni òun.

Ìgbìmọ̀ Yúróòpù gbé ìmọ̀ràn 1333 jáde ní ọdún 1997 pé kí àwọn ìjọba ran ẹ̀kọ́, ìsìn àti ìwé ìròyìn ní èdè Armãn lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn ni, kò de ẹnikẹ́ni. Gíríìsì, níbi tí wọ́n pọ̀ sí jù, kò fi èdè náà sínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ìjọba. Albania gba àwọn Armãn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kékeré nínú òfin ọdún 2017. Makedóníà Àríwá ni ó gbìyànjú jù: orúkọ wọn wà nínú òfin ilẹ̀ náà láti ọdún 2001, èdè wọn sì ní ipò nínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Kruševo. Síbẹ̀ náà, àwọn 9,695 tí ó pe ara wọn ní Vlach nínú ìkànìyàn ọdún 2002 ti di 8,714 ní ọdún 2021, iṣẹ́ àṣàyàn oníwákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ sì ni èdè wọn jẹ́ fún ọmọ ilé-ìwé.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ nìyí fún ọ̀mọ̀wé tí ó bá fẹ́ràn àwọn Vlach ní tòótọ́. Àkọtọ́ kò tíì fìdí múlẹ̀: láti ìgbà ìpàdé Bitola ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni àwọn kan ti ń lo èyí tí Tiberius Cunia là sílẹ̀, àwọn mìíràn sì di ti Ròmáníà mú. Ìwé ìkọ́ni ṣọ̀wọ́n. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ orúkọ gbogbo ewé àti gbogbo irú wàràkàṣì ń kú ní abúlé òkè, bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé àwọn onímọ̀ kò yé jókòó lórí ọ̀rọ̀ Dacia àti Bessi. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n gun òkè Samarina nígbà ẹ̀rùn tí àwọn ará ibẹ̀ bá padà wálé, kí wọ́n jẹ́ kí Kekaumenos sinmi ná.